Ìtàn Bọ́tìnnì Mẹ́ta tí Ń Tún Kọ̀ǹpútà Bẹ̀rẹ̀

Ìtàn tí mo mú wá fún yín lónìí kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn ohun kékeré kan ni, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe láìmọ ibi tí ó ti wá. Èyí nì ni bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó gbàgbé gbogbo ohun tí ó ń ṣe, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, láìjẹ́ pé a pa iná rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ènìyàn a máa tẹ ìwé lọ jẹ́jẹ́, lójijì ẹ̀rọ a dákẹ́. A tẹ bọ́tìnnì yìí, kò dáhùn. A tẹ tọ̀hún, ó wò wá bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Àwọn ọ̀dọ́ a ní ó ti háńgì. A lè pa á níbi suwíìṣì kí a tún un tàn. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ Ctrl, Alt àti Del pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn yóò gbọ́ èyí, yóò sì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó kọ́ ọ? Báwo ni etí rẹ̀ ṣe ṣí sí àṣẹ kan ṣoṣo yìí, nígbà tí ó ti di sí gbogbo ìyókù?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú Boca Raton, ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1980, ilé iṣẹ́ IBM, tí ó ti ń ṣe kọ̀ǹpútà ńláńlá fún ìjọba àti báńkì láti ọjọ́ pípẹ́, pinnu láti ṣe èyí tí ó kéré, tí ẹnì kan lè gbé ka orí tábìlì rẹ̀. Wọ́n fún àwọn tí yóò ṣe é ní nǹkan bí ọdún kan péré. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ 12 ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni David Bradley, tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Purdue ní ọdún 1975. Iṣẹ́ tí wọ́n fi lé Bradley lọ́wọ́ ni kí ó kọ ètò ìpìlẹ̀ tí a ń pè ní BIOS. Ètò yìí ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kà bí ó bá jí, kí ó tó mọ̀ pé òun ní bọ́tìnnì, kí ó tó mọ̀ pé òun ní díìsìkì.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà han aráyé. Ọpọlọ inú rẹ̀ ni Intel 8088. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ jẹ́ dọ́là 1,565, kò sì ní díìsìkì, kò ní gíláàsì tí a ó máa wò. Ó ní suwíìṣì pupa ńlá kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, lápá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láìpa iná, kò ní in rárá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín. Iyè méjì ni kọ̀ǹpútà ní. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí kò lè gbàgbé láé: wọ́n ti kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni BIOS ti Bradley wà. Èkejì jẹ́ iyè ìgbà díẹ̀, tí ó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ sí. Bí iná bá lọ, ohun gbogbo tí ó wà nínú èkejì yìí lọ nìyẹn. Àwa tí a dàgbà ní ayé NEPA, kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà yìí bá jí, kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Yóò lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan nínú iyè ìgbà díẹ̀, yóò kọ nǹkan síbẹ̀, yóò tún un kà láti mọ̀ bóyá ohun tí ó kọ ni ó bá. Bí iyè náà bá pọ̀, àyẹ̀wò yìí lè tó ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan kò jẹ́ nǹkan fún ẹni tí ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀ tí ó sì pa á nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ètò tí wọ́n ń kọ kò tíì pé. A dúró, wọn a pa iná, wọn a dúró díẹ̀, wọn a tàn án, wọn a tún jókòó máa wo àyẹ̀wò. Kò pẹ́, a tún dúró. Ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn sì ń sún mọ́lé.

Ìdí nìyí tí Bradley fi wá ọ̀nà àbùjá. Ó kọ ìlà díẹ̀ kún ètò rẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá di bọ́tìnnì mẹ́ta kan mú pọ̀, kí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fo àyẹ̀wò iyè náà. Àwọn bọ́tìnnì tí ó kọ́kọ́ yàn ni Ctrl, Alt àti Esc. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lápá òsì. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, ó rí i pé ó rọrùn jù kí ènìyàn ṣèèṣì gbá wọn, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣòfò. Mel Hallerman, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń kọ ètò fún ẹ̀rọ náà, ni ó dá a lábàá pé kí ó lo Del dípò Esc. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Del wà lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún. Ctrl àti Alt sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan lápá òsì. Ọwọ́ méjèèjì ni a ó fi tẹ̀ wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ṣèèṣì fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é. Lójú tèmi, ìyípadà kékeré yìí ṣe pàtàkì ju ọ̀nà àbùjá náà gan-an lọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi Ctrl kejì sí apá ọ̀tún bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ẹni tí ìka rẹ̀ gùn sì lè fi ọwọ́ kan ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1981, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni Bradley ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n IBM tẹ ìwé kan jáde fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n sì kọ gbogbo ètò BIOS sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó lè kà á kà á, àṣírí tú. Báyìí ni ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ ṣe bọ́ sí ọwọ́ gbogbo ayé.

Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan pé báwo ni ẹ̀rọ tí ó ti dúró ṣe ń gbọ́ àṣẹ yìí. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì kan, kì í ṣe pé ọpọlọ ẹ̀rọ ń wo ọwọ́ wa. Bọ́tìnnì náà ni ó ń kan ilẹ̀kùn, tí ọpọlọ a sì fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láti wo ẹni tí ó dé. Ètò Bradley ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Nítorí náà, bí ètò tí à ń lò bá tilẹ̀ ń yí po lójú kan bí ẹni tí ọ̀nà dàrú mọ́ lójú, ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àfi bí ètò tí ó dàrú náà bá ti sọ fún ọpọlọ pé kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà náà, bọ́tìnnì mẹ́ta kò ní ṣiṣẹ́, suwíìṣì pupa ni ó kù.

Kí ni ètò Bradley ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ kí a fi iyè kọ̀ǹpútà wé òpópó kan tí ó ní yàrá 1,048,576, tí a kọ nọ́ńbà sí lára láti 0 títí dé 1,048,575. Àwọn tí wọ́n ṣe ọpọlọ 8088 ti pinnu pé nígbàkígbà tí ó bá jí, yàrá 1,048,560 ni yóò kọ́kọ́ lọ láti gba iṣẹ́. Yàrá 16 péré ni ó kù kí òpópó tán. Èrò ti pọ̀ jù fún irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju pé: "Ìwọ, lọ sí ibi báyìí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà." Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n parí ètò náà. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1981 ni ó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó lè tún bẹ̀rẹ̀, kò di dandan kí a pa iná. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè sọ fún ọpọlọ pé kí ó lọ sí yàrá 1,048,560 ti tún un bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, tàbí wọ́n kàn ní kí òun padà wá? Bradley fi àmì kan sílẹ̀ fún un. Kí ó tó rán ọpọlọ lọ, yóò kọ 1234 sí yàrá 1,138 àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọpọlọ bá dé tí ó bá 1234 níbẹ̀, yóò mọ̀ pé iná kò lọ, kò sì ní yẹ iyè wò mọ́. Bí iná bá ti lọ ni, ohun yòówù ni ó lè wà níbẹ̀, kò dàbí ẹni pé 1234 ni yóò jẹ́.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í ka 10-10, 16-16 ni wọ́n ń kà, lẹ́yìn 9 wọn a sì máa lo A títí dé F. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí ogún-ogún ni àwọn baba wa fi ń kà, tí a fi ní ogójì, ọgọ́ta àti ọgọ́rin. Bí a bá kọ ọ́ ní ti 16-16, FFFF0 ni yàrá 1,048,560, 472 sì ni yàrá 1,138.

Ní ìgbà DOS, àwọn tí ó mọ àṣírí yìí kì í dúró de bọ́tìnnì mẹ́ta. Ètò kan wà lára DOS tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DEBUG, tí a fi lè bá ọpọlọ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Bí a bá wọ inú rẹ̀ tí a kọ G=FFFF:0, ẹ̀rọ a tún bẹ̀rẹ̀. A sì lè fi DEBUG yìí kan náà kọ ètò kékeré kan pamọ́ sínú díìsìkì, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti pe orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Mo fẹ́ kà á fún yín, kí ẹni tí ó ní kálàmù kọ ọ́: B8 40 00, 8E D8, C7 06 72 00 34 12, EA 00 00 FF FF. Ó tán. Èèpo ìwé ìròyìn kan gbà á. Ẹ ka àwọn ohun tí mo pè, ẹ ó rí i pé 16 ni wọ́n, iye kan náà pẹ̀lú yàrá tí ó kù ní ìparí òpópó. Ẹ ó rí 72 níbẹ̀, òun ni ó ń tọ́ka sí yàrá àmì náà. Ẹ ó rí 34 12 pẹ̀lú: 1234 ni, ẹ̀yìn ni ọpọlọ yìí ti ń kọ nọ́ńbà rẹ̀. FF FF tí ó wà ní ìparí ni ilé tí à ń rán an lọ. Bí a bá kọ 00 00 sí ibi tí 34 12 wà, ẹ̀rọ náà yóò tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣe gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Kí ni ènìyàn ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe? Bí a bá yí ìlànà tí DOS ń tẹ̀ lé nígbà tí ó bá ń jí padà, ìlànà tuntun kò ní mú ohunkóhun ṣe àfi bí ẹ̀rọ bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ púpọ̀ lè to àwọn àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ó fi ètò kékeré yìí sí ìsàlẹ̀, kí ó sì lọ jẹun. Nígbà tí yóò fi dé, ẹ̀rọ ti tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀, ó sì ti pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn run. Díìsìkì kì í yára bí iyè. Nítorí náà, wọ́n ṣe ètò kan tí ń jẹ́ SMARTDrive, tí ó máa ń gba ohun tí a fẹ́ kọ sí díìsìkì, tí a sì sọ pé "mo ti gbà á", ṣùgbọ́n tí ó fi í pamọ́ sínú iyè títí àyè yóò fi yọ. Nínú MS-DOS 6.0 ti ọdún 1993, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe láìjẹ́ pé a sọ fún un. Olúwarẹ̀ a rí àmì DOS lójú ẹ̀rọ, a rò pé iṣẹ́ ti parí, a pa á tàbí a tún un bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ó ti kọ fún wákàtí mẹ́ta sì lè bàjẹ́ sọ́wọ́ SMARTDrive. Bọ́tìnnì mẹ́ta kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí SMARTDrive ń ṣọ́ wọn, yóò sì sáré kọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò oní-16 tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, òpin òpópó ni ó ń sáré lọ tààrà. Ẹni tí ó bá gbọ́n a kọ́kọ́ kọ SMARTDRV /C, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ó kó gbogbo ẹrù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó pe ètò náà. Nígbà tí ariwo pọ̀, MS-DOS 6.2 jáde ní ìparí ọdún náà, wọ́n sì yí àṣà yẹn padà.

Mo fẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ibi tí ó dùn jù nínú ìtàn yìí ni mo fò. Ní ọdún 1982, Intel ṣe ọpọlọ tuntun tí ń jẹ́ 80286. Ó ní ìwà méjì. Nínú ìwà àkọ́kọ́, ó ń ṣe bí 8088. Nínú ìkejì, ó lè lo iyè tí ó pọ̀ gan-an, títí dé 16 MB, ó sì lè dáàbò bo ètò kan lọ́wọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é kò ṣe ọ̀nà àbájáde: bí ó bá ti wọ ìwà kejì, kò lè padà sí ti àkọ́kọ́ mọ́ àfi kí a tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé kò sí ẹni tí yóò fẹ́ padà. Gbogbo ètò DOS tí ayé ti fi owó rà sì nìyí, ìwà àkọ́kọ́ ni wọ́n mọ̀.

Nígbà tí IBM ṣe ẹ̀rọ AT ní ọdún 1984, wọ́n ní láti wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú AT tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́ ohun tí a bá tẹ̀ lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, Intel 8042 ni orúkọ rẹ̀. Àyè ṣì wà lára rẹ̀ fún okùn kan, IBM sì fa okùn náà lọ sí ibi tí a ti ń jí ọpọlọ. Bí ọpọlọ bá fẹ́ kúrò nínú ìwà kejì, yóò fi ìránṣẹ́ FE sí ẹ̀rọ bọ́tìnnì yìí, pé "jọ̀wọ́, jí mi". Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú iyè aago, èyí tí bátìrì ń gbé ró, kí ó lè rántí nígbà tí ó bá jí pé òun kò wá láti bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, iṣẹ́ ni òun ń bá lọ. Ènìyàn tí ń lo ẹ̀rọ náà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà yìí falẹ̀. Nígbà tí Microsoft àti IBM jọ ṣe OS/2, tí ó jáde ní ọdún 1987, tí ẹ̀rọ sì ní láti máa lọ máa bọ̀ láàárín ìwà méjèèjì, wọ́n rí ọ̀nà mìíràn tí ó yá jù. Wọn a mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ọpọlọ ṣe àṣìṣe. Bí ó bá fẹ́ lọ wo ibi tí a kọ ohun tí yóò ṣe bí àṣìṣe bá wáyé, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, èyí sì di àṣìṣe kejì. Ibi tí ó bá tún yíjú sí, àṣìṣe kẹta. Ní ti ẹ̀kẹta, ọpọlọ a juwọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ AT a sì rí i bẹ́ẹ̀, a jí i. Ìgbà tí ọpọlọ 80386 dé ní ọdún 1985 ni Intel fi ọ̀nà àbájáde sí i, ṣùgbọ́n ọgbọ́n méjèèjì yìí kò parẹ́.

Kí ni ó wá dé bá bọ́tìnnì mẹ́ta? Nínú Windows 3.1 ti ọdún 1992, bí ènìyàn bá tẹ̀ wọ́n, Windows a kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ètò tí kò dáhùn mọ́ ni ó fẹ́ pa, tàbí gbogbo ẹ̀rọ. Nínú Windows NT ti ọdún 1993, iṣẹ́ wọn yí padà pátápátá: òun ni a ó tẹ̀ kí a tó lè wọlé. Ohun tí ó fà á ni pé kò sí ètò kan tí ó lè gba bọ́tìnnì mẹ́ta yìí mọ́ Windows NT lọ́wọ́, nítorí náà olè kò lè ya ojú ìwọlé èké kan síbẹ̀ kí ó fi jí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ wa. Nígbà tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ọdún 20 ẹ̀rọ IBM ní ọdún 2001, Bradley fi Bill Gates ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn, pé òun ni òun dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n Gates ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn tí wọ́n ti rí Windows tí ó dúró gbọnin mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Gates fúnra rẹ̀ sọ ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 2013 pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ì bá wu òun, àwọn tí ó ṣe bọ́tìnnì ìtẹ̀wé IBM ni kò fẹ́ fi sí i. Bradley ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní IBM láti ọdún 2004.

Láti ìgbà Windows XP, ní ọdún 2001, àṣẹ kan ti wà tí ẹnikẹ́ni lè kọ: shutdown -r. Ti Linux ní ìṣọ́ra púpọ̀ ju ìyẹn lọ. Ètò tí ó bá fẹ́ kí Linux tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà méjì wá bí ẹ̀rí pé kò ṣèèṣì. Èkejì nínú wọn lè jẹ́ 672274793. Bí a bá kọ ọ́ ní ti 16-16, yóò di 28121969: ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1969, ọjọ́ ìbí Linus Torvalds tí ó dá Linux sílẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ti gba nọ́ńbà méjèèjì, Linux lè gba ọ̀nà púpọ̀. Nínú èyí tí a kọ fún irú àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń sọ yìí, FE tí a ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ bọ́tìnnì ṣì wà níbẹ̀, àṣìṣe mẹ́ta tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ṣì wà níbẹ̀. Ìlà kan sì wà ṣáájú wọn, tí ń bèèrè bóyá ẹni náà fẹ́ kí ẹ̀rọ fo àyẹ̀wò rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, Linux yóò lọ sí yàrá 1,138, yóò sì kọ 1234 síbẹ̀.